Ògbufọ̀ Ẹ̀gbẹ́ Ọkọ̀ Sinimá: Bí Ìtàn Ṣe Di Ìpolówó Ọjà ní Rẹ́mọ

Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1931. Àárín àsìkò yẹn ni òyìnbó kan tó ń jẹ́ William Sellers, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìlera, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù han àwọn ará Èkó, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí bí àrùn náà ṣe ń ti ara eku dé ara ọmọ ènìyàn. Kò ta ọṣẹ, kò ta àgbo. Eku pípa ló ń tà. Àmọ́ ẹni tó bá ń fi àwòrán tó ń rìn rọ aráàlú kí wọ́n ṣe ohun tí wọn ò tíì gbà láti ṣe, iṣẹ́ ìpolówó ló ń ṣe. Èmi tí mò ń ya fídíò ìpolówó fún àwọn ọlọ́jà ní Ṣágámù, ara ìran iṣẹ́ ọ̀gbẹ́ni yìí ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ká ní a pàdé, ìjà la máa kọ́kọ́ jà.

Ohun tí à bá jà lé lórí nìyí. Nígbà tí ogun Hitler bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n pè ní Colonial Film Unit, Sellers ni wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣe fíìmù fún àwa tí à ń bẹ lábẹ́ wọn ní Áfíríkà. Wọ́n ti pinnu lọ́kàn ara wọn pé èèyàn dúdú tí kò kàwé kò lè tẹ̀lé ìtàn lára aṣọ funfun bí ìtàn náà bá yára. Ni wọ́n bá ṣe òfin fún àwọn ayàwòrán wọn. Kí àwòrán máa falẹ̀. Kí kámẹ́rà má ṣe fò láti ibì kan bọ́ síbòmíràn lójijì. Bí ọkùnrin kan bá jáde nílé, kí wọ́n rí i bó ṣe gba ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n rí i bó ṣe rìn dé ibi tó ń lọ. Kí a má fi idán kámẹ́rà da orí wọn rú. Ìtàn tí wọ́n sì fẹ́ràn ni ti ọlọ́gbọ́n àti òmùgọ̀: ọlọ́gbọ́n ṣe ohun tí ìjọba wí, ayé yẹ ẹ́, òmùgọ̀ kọ̀, ó jìyà. Ó tán.

Mo ti wo díẹ̀ nínú àwọn fíìmù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ibi tí wọ́n ń gbé e wá kì í ṣe ibi tí ìtàn ti wọ́n. Lálẹ́ òṣùpá, alálọ̀ọ́ á ní Ìjàpá dágbére fún Yánníbo, ó rìn títí ó fi dé ilé àna rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta kọjá, ó ti wà níwájú ọba. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi ṣe gbogbo ìrìn yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó jókòó sórí ẹní kò béèrè ẹnu ọ̀nà tí Ìjàpá gbà. Ó mọ̀ pé orin ń bọ̀, ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dá orin náà lẹ́ẹ̀kejì, wàhálà ti dé nìyẹn. Gígé tí Sellers ní a ò lè gbé, àwọn ìyá wa ti ń gé e fún wa kí a tó já lẹ́nu ọmú.

Kì í ṣe inú àlọ́ nìkan o. Ọjà Rẹ́mọ fúnra rẹ̀, orí ìtàn ló dúró lé. Ṣágámù tí ẹ mọ̀ yìí, àkójọpọ̀ ìlú ni: Ọ̀fin, Mákùn, Ìjàgbà, Ṣóyindó, Èpé àti àwọn yòókù, tí wọ́n kó jọ sójú kan ní 1872. Ìlú tí àjèjì pọ̀ nínú rẹ̀ báyẹn, ẹni tó ń rà kò mọ ìdílé ẹni tó ń tà. Nígbà tó sì di pé obì gbànja mú ilẹ̀ wa dáadáa, tí àwọn Hausa wá dó sí Sábó láti máa rà á lọ sí òkè ọya, àjìnnà òun àìgbọ́-èdè-ara-ẹni tún wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá ìyá mi ta obì ní Sábó. Obì kì í ṣe ẹrù tí èèyàn kàn ń wọ̀n. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á bó o, wọ́n á ṣà á ní ńlá àti kékeré, wọ́n á fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún máa tú u yẹ̀ wò kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ gbé e dé Kano fẹ́ mọ̀ bóyá yóò dé ibẹ̀ láàyè. Màmá kò ní kọ́kọ́ dá iye lé e. Á bẹ̀rẹ̀ láti oko: ẹni tó ni igi, bí òjò ọdún náà ṣe rí, bí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù rẹ̀ nígbà tí ooru mú, bó ṣe dìde ní òru láti tún ewé rẹ̀ pa dà. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbọ́ Hausa á máa túmọ̀ rẹ̀ fún oníbàárà. Bí ìtàn bá fi máa parí, oníbàárà náà ti ń fọwọ́ kan obì náà bí ọmọ tó yè nínú àìsàn. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa tó sọ̀rọ̀ owó. Ìtàn yẹn ni ìwé ẹ̀rí ọjà, kò sì sí òǹtẹ̀ ìjọba kankan lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, màá ní ọkùnrin tó máa ń gbé àpótí ejò wá sí ọjà Fálàwò ni. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Á fi ẹfun fa òbìríkítí sílẹ̀, á gbé àpótí onígi sí àárín, á fi ọ̀pá lé orí ìdérí rẹ̀. Ọmọ kan á máa lu agogo. Á ní òjòlá ló wà nínú àpótí náà, pé ó gbé ewúrẹ́ mì ní abúlé kan, pé òun máa ṣí i lónìí yìí kí gbogbo wa fojú rí i, ṣùgbọ́n kí àwọn aláboyún sún sẹ́yìn díẹ̀. Àwọn aláboyún á sún sẹ́yìn. Àwa ọmọdé á sún síwájú. Á tẹ̀ síbi àpótí, á kan ìdérí, á tún dúró.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ejò tó wà níta kò burú tó èyí tó wà nínú."

Ibẹ̀ ló ti máa ń yà kúrò lórí òjòlá. Á bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹun tí kò sanra, tí inú ń kùn ún lóru, tí ìyàwó rẹ̀ rò pé àjẹ́ ló ń bá a jà, tí wọ́n ta ilẹ̀ láti fi tọ́jú rẹ̀. Á fa ìgò kan yọ tí aràn wà nínú rẹ̀. Ojú gbogbo èèyàn á kúrò lára àpótí, á wá sínú ikùn ara wọn. Ẹni tí inú ti run ní àná á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa á. Ìgbà yẹn, ó ti pẹ́ gan-an, ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti àgúnmu tí a dì sínú bébà tó jáde. Wọ́n á rà á, wọ́n á rà á. Bí ọjà bá ti tán, á ṣí àpótí náà fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀: ejò kékeré kan ló ká jọ sínú rẹ̀, kò tó ohun tó lè gbé adìẹ mì. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bú u, wọ́n á sì tún wá ní ọjà tó ń bọ̀.

Mi ò sọ pé oògùn rẹ̀ dára o. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ni lónìí lórí fídíò ìpolówó wà nínú òbìríkítí ẹfun yẹn. Ó fi ẹ̀rù mú wa dúró, ó ṣèlérí kan, ó fi ìlérí náà pamọ́, ó gbé wàhálà náà kúrò ní igbó, ó gbé e sára wa, kò sì fi ọjà hàn wá títí a fi ń wá a. Ní 1863, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Gustav Freytag, kọ ìwé lórí bí eré orí ìtàgé ṣe ń gun òkè lọ sí ibi tó gbóná jù, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Àwòrán onígun mẹ́ta tó ti inú ìwé yẹn wá ni àwọn olùkọ́ fídíò máa ń yà sára pátákó fún wa ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn tí a bá ti san owó tán. Mi ò ní ohun kan lòdì sí Freytag. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ya òkè yẹn, àpótí ni mo máa ń rí.

Ẹ jẹ́ ká pa dà sí ọ̀rọ̀ àwọn fíìmù ìjọba yẹn. Ọkọ̀ sinimá ni wọ́n fi ń gbé wọn kiri ìlú. Ọkọ̀ náà máa ń wọ ìlú lọ́sàn-án, á fi gbohùngbohùn kéde pé sinimá wà lálẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Jẹnẹrétọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yí fíìmù wà, aṣọ funfun wà. Ọkùnrin kan sì wà tó máa di maikirofóònù mú: ògbufọ̀. Fíìmù náà lè má sọ̀rọ̀ rárá, tàbí kó jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì aláfimúsọ ló ń jáde látinú rẹ̀. Ògbufọ̀ ló máa sọ ọ́ di Yorùbá.

Bàbá mi jẹ́ ọmọ ilé-ìwé nígbà náà. Mo bi í pé fíìmù wo ni wọ́n rí. Kò rántí. Ó ní bóyá ti ẹ̀fọn ni, bóyá ti kòkó. Mo ní kí ló wá rántí? Ló bá dìde, ó di ìkúùkù rẹ̀ mú bí maikirofóònù, ó yí ohùn pa dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi ti ògbufọ̀ náà. Ó ní kò pẹ́ tí òmùgọ̀ inú fíìmù yọjú tí ọkùnrin náà fi sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ aláìgbọràn kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tí onítọ̀hún sì wà láàárín èrò níbẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí àwòrán bá falẹ̀ jù, ògbufọ̀ á fi ìbéèrè sí i: "Ẹ wò ó, ṣé ó máa bo omi yẹn, àbí kò ní bò ó?" Èrò á pariwo pé kò ní bò ó! Òun náà á ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó." Fíìmù kò yára sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sùn.

Ọ̀gá òyìnbó tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù ṣòfin kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe fíìmù rẹ̀ ló ń mú èèyàn jókòó. Ọkùnrin tó di maikirofóònù mú ló ń ṣe iṣẹ́ náà, tó mú ìtàn tí kò ní ìgbòkègbodò, tó fi ara àdúgbò bọ̀ ọ́, tó dá ìfura sílẹ̀ níbi tí kò ti sí. Mo dúró lórí èyí: òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi àwòrán tó ń rìn polówó ohunkóhun fún wa ní Yorùbá, bí a bá ń sọ ti ẹni tó mọ iṣẹ́.

Àwọn òyìnbó kan padà mọ̀ pé ìtàn nílò alátakò. Ní 1949 ni Crown Film Unit gbé Daybreak in Udi jáde, fíìmù nípa àwọn ará abúlé kan nílẹ̀ Ìgbò tí wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Nínú rẹ̀, àwọn tí kò fẹ́ ilé náà rán eégún lọ dẹ́rù ba agbẹ̀bí lóru. Ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń jókòó dáadáa. Fíìmù yẹn gba ẹ̀bùn Oscar. Ìjọba ló ń polówó iṣẹ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n eégún tó wọlé lóru ló jẹ́ kí èèyàn lè wò ó.

Nígbà tí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ àwa fúnra wa ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ló wà nípò. Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní 1909, ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ṣòwò, ó ti dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní 1949. Ó mọ̀ pé ohun tó dára kì í ta ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ṣùgbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀ ni owó orí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é ti bí àwọn èèyàn nínú, tí ẹgbẹ́ Action Group fi pàdánù ìbò àpapọ̀ 1954 sọ́wọ́ NCNC ní agbègbè tiwọn gan-an. Ìdí nìyẹn tí àlàyé fi di iṣẹ́ ńlá fún ìjọba náà.

Ìtàn bí tẹlifíṣọ̀n ṣe dé náà, ìjà ló bí i. Ní 1953, lẹ́yìn ìdàrúdàpọ̀ lórí àbá òmìnira, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó bẹnu àtẹ́ lu Awólọ́wọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n kọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion jọ dá a sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ta á sáfẹ́fẹ́ wà lórí òkè Mápó, òmíràn sì wà ní Abafọ̀n lẹ́bàá Ìkòròdú, ní apá ibi tiwa níhìn-ín. Ilé-iṣẹ́ tí oníṣòwò wà nínú rẹ̀, ìpolówó ọjà kò lè gbẹ́yìn. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé bí wọ́n bá gba Ìkẹ́nnẹ́ kọjá, kí wọ́n rántí pé ẹni tí wọ́n dù ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí rédíò ló lọ kọ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìbàdàn ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ìtàn fa owó jáde lápò èèyàn. Ọwọ́ àwọn òṣèré ni. Hubert Ògúndé, ọmọ Ọṣọ́sà ní Ìjẹ̀bú, tó ti ṣe tíṣà, tó ti ṣe ọlọ́pàá, dá ẹgbẹ́ African Music Research Party sílẹ̀ ní 1945. Eré rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ lójijì. Opening glee ló máa kọ́kọ́ ṣe: orin, ijó, ìkíni, gbogbo ọmọge inú ẹgbẹ́ á jáde, kí ẹni tó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń rò ó bóyá kó sanwó lè sáré sanwó. Lọ́jọ́ eré, ọkọ̀ wọn á ti yí ìlú ká. Nígbà tí sinimá Aiyé jáde ní 1979, ọmọdé ni mí, ọkọ̀ tó ń polówó rẹ̀ gba iwájú ilé wa ní Mákùn. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ó sọ ọ́ dé ibi tí àwọn àjẹ́ ti pàdé, ó dákẹ́. Orin ló kù. Mo sunkún títí tí wọ́n fi mú mi lọ.

Atọ́ka náà kò jìnnà sí ìyẹn, ìwé ìròyìn tí wọ́n ti ń fi fọ́tò àwọn òṣèré sọ ìtàn, tí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú àpò kékeré lẹ́nu wọn. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti gòkè ni ojú ìwé máa parí sí. Ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀. Àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọ̀jọ̀gbọ́n ìpolówó lónìí ń ṣe bí ẹni pé àwọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọgbọ́n yìí.

Ìgbà téèpù VHS ni èmi wọ iṣẹ́. Kámẹ́rà orí èjìká, ìkómọ, òkú àgbà, ìyàwó. Nígbà náà, ìtàn kan wà tí gbogbo wa nínú iṣẹ́ mọ̀ nípa Kenneth Nnebue, tó ti ṣe fíìmù Yorùbá kí ó tó gbé Living in Bondage jáde ní 1992. Wọ́n máa ń sọ pé téèpù òfìfo ló kó jọ, tí kò tà, ló bá ní kí òun fi ìtàn sínú rẹ̀ kó lè tà. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, bóyá wọ́n fi iyọ̀ sí i, mo fẹ́ràn ìtàn náà, nítorí pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà sípò rẹ̀: téèpù ni ọjà, eré ni ìpolówó rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde. Àwa tí a ń yàwòrán ní Ṣágámù máa ń yá a láti wo bó ṣe ń gbé kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ohun tí èmi ń kọ́ jù ni àwọn ìpolówó fíìmù mìíràn tó máa ń wà níwájú téèpù. Àbúrò ń yọ̀bẹ sí ẹ̀gbọ́n, ìyá ń pariwo, ohùn jíjìn kan béèrè ìbéèrè, ó di òkùnkùn. Bí a bá lọ yá fíìmù náà tán, ìgbà mìíràn ibi tí wọ́n fi hàn wá níwájú téèpù nìkan ló dára nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ gba orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Yem-Kem ti Akíntúndé Àyẹ̀ní, Ọkọ Olóyún ti Fàtáì Yusuf, tí wọ́n yìnbọn pa ní oṣù kìíní 2020, kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá nígbà náà tí kò gbọ́ ohùn ìpolówó wọn. Wọ́n mọ ahọ́n wa dáadáa, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe ìpolówó. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ewu iṣẹ́ yìí wà. Ẹ̀rí ẹni tó ti ṣàìsàn tó sì yá ni ìtàn tó rọrùn jù láti kọ, kò sì sí ohun tó rọrùn láti parọ́ bíi rẹ̀. Ọkùnrin kan gbé owó wá bá mi rí, ó ní kí n wá obìnrin tó máa sọ pé òun yàgàn fún ọdún mẹ́wàá kí òun tó mu omi inú ìgò òun. Ó ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ obìnrin náà sílẹ̀, títí kan ibi tó ti máa sunkún. Mo ní kó gbé owó rẹ̀ lọ. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, tó dé ní 1993, kò lè wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, òfin ARCON, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó, ti 2022 sì ń fẹ́ kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ yẹ ojú fóònù gbogbo èèyàn wò? Ọkùnrin àpótí ejò parọ́ fún wa nípa ejò. Bó bá parọ́ nípa àgúnmu, a máa rí i mú ní ọjà tó ń bọ̀. Ẹni tó ń ti ojú fóònù parọ́, níbo la ti fẹ́ rí i mú?

Fóònù ló kù báyìí. Fún ọdún púpọ̀, 30 ìṣẹ́jú àáyá ni WhatsApp gbà wá láyè láti fi fídíò sí ojú status, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi sì ti ń tajà jù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wa lọ ni àwọn aláwàdà orí fóònù bíi Wòlí Àgbà àti Taaooma. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín tán kí ẹ tó mọ̀ pé wọ́n ti ta nǹkan fún yín. Èmi kò ní irú òṣèré bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ní ni ìyá kan tó ń ta gààrí ní Ìlíṣàn, tí àwọn ọmọ yunifásítì Babcock sì ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ya ọmọkùnrin kan tí ebi ń pa lóru. Ó da gààrí sínú abọ́, ó bu omi sí i, ó ń wò ó. Kò wú. Ó da omi náà nù, ó tún bu òmíràn. Kò wú. Ẹnìkejì rẹ̀ nínú yàrá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìsọ̀rọ̀, ó fa àpò kan jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, ó wò ó tìfura-tìfura kó tó bù ú fún un. Ìyá náà kò yọjú títí ó fi kù díẹ̀ kó parí.

Nígbà tí mo fi hàn án, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Bọ̀dá fídíò, owó mi lẹ fi ya ọmọ tí ebi ń pa? Ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́? Nọ́ńbà mi ńkọ́?"

"Ó wà níparí, Mọ̀mí."

"Ta ló máa dúró de ìparí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà dúró, Mọ̀mí. Ẹ ti bi ọmọ yín léèrè ṣé gààrí náà máa wú kí ẹ tó bi mí nípa ṣọ́ọ̀bù." Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. Ó sanwó mi, ṣùgbọ́n ó yọ 500 náírà kúrò, ó ní ti nọ́ńbà tí mo fi pamọ́ nìyẹn.

Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń ya òkè Freytag máa ń ní kí a fi oníbàárà ṣe akọni ìtàn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Níhìn-ín, ẹlẹ́rìí ni oníbàárà fẹ́ jẹ́. Ó fẹ́ dúró nínú òbìríkítí pẹ̀lú àwọn yòókù, kó pariwo pé "kò ní bò ó!", kí wọ́n bi òun léèrè kí wọ́n tó dá òun lóhùn. Fídíò mi tí ó bá ní ìbéèrè nínú, àwọn èèyàn máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Èyí tí kò ní, bó ti wù kó rẹwà, orí fóònù ẹni tó sanwó rẹ̀ ló máa ń kú sí. Ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ ni ìbéèrè yẹn ti wá, kò sí nínú fíìmù tí Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́.

Colonial Film Unit kógbá wọlé ní 1955. Orúkọ Sellers wà nínú ìwé, orúkọ àwọn tó ṣe Daybreak in Udi sì wà lára fíìmù náà. Orúkọ àwọn ọkùnrin tí wọ́n di maikirofóònù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru, Ìṣarà àti Òde Rẹ́mọ kò sí lára fíìmù kankan tí mo tíì wò, bàbá mi tó lè sín ohùn ọ̀kan nínú wọn jẹ kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn bímọ síhìn-ín. Bí bàbá yín tàbí bàbá ìyá yín bá bá ọkọ̀ sinimá ìjọba tàbí ti ilé-iṣẹ́ kankan ṣiṣẹ́ rí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ìlú tó dé àti fíìmù tó túmọ̀. Bí fọ́tò rẹ̀ bá wà, ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá sì wà nílé yín tó ṣì lè sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀, ẹ gbé fóònù sí i lẹ́nu kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.